Ìpè tòlótòló alápòótí, onísíléètì, onígíláàsì àti ti alumíníọ̀mù: èwo ni kí ẹ rà, irú ọ̀pá wo ni ó sì yẹ ẹ́?

Láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Karùn-ún ni àwọn ọdẹ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń dọdẹ akọ tòlótòló inú igbó, àwọn ọmọ wa kan tí wọ́n ń gbé ní Georgia àti Texas sì ti ń bá wọn jáde. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tan ẹyẹ náà wá sí ìtòsí ni ìpè tí a ń họ, tí yóò sì ké bí abo. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá wálé sí Abẹ́òkúta, wọ́n a máa mú un bọ̀ wá fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó ń sin tòlótòló ní ẹ̀yìnkùlé, ẹni náà a sì lò ó fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé kò dún mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìpè náà kò bàjẹ́ rárá. Ẹni tí ó rà á ni kò ro ibi tí wọn yóò ti lò ó, ẹni tí ó gbà á kò sì mọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbé oríṣi mẹ́rin tí ó wọ́pọ̀ jù yẹ̀ wò pẹ̀lú ọ̀pá tóóró bíi bírò tí a fi ń họ ojú wọn (àfi alápòótí, tí ìdérí rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pá), kí ẹni tí ó fẹ́ náwó lè mọ èyí tí yóò mú.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Kí a tó fi wọ́n wé ara wọn, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń dún. Gòjé inú orin sákárà ni ó sún mọ́ wọn jù lọ. Bí onígòjé bá fa ọrun lórí okùn, irun ọrun náà á di okùn mú díẹ̀, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á tún dì í mú, léraléra, kíákíá, ìdìmú àti ìjọ̀wọ́ yìí ni ó sì ń di ohùn tí a ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni orí ọ̀pá ṣe ń di ojú ìpè mú tí ó sì ń yọ̀ kúrò. Bí ojú méjèèjì bá ti dán jù, tàbí tí òróró tàbí omi bá kàn wọ́n, ọ̀pá yóò kàn máa yọ̀ lọ ni, kò ní dún. Gbogbo ìtọ́jú tí a ó sọ nínú ìwé yìí kò ju pé kí ojú ibi tí nǹkan méjèèjì ti ń pàdé rí ṣágiṣàgi díẹ̀, kí ó mọ́, kí ó sì gbẹ.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fi wọ̀n wọ́n ni bí wọ́n ṣe ń fara da ọ̀rinrin. Òjò máa ń rọ̀ ní Abẹ́òkúta láti nǹkan bí oṣù Kẹta títí dé oṣù Kẹwàá, afẹ́fẹ́ a sì máa tutù nínú ilé pàápàá ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀. Ó wá jẹ́ pé ìgbà tí àkókò ọdẹ ń parí lọ ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ènìyàn ń kó ìpè wọn bọ̀ wálé, ni ilé wa ń tutù bọ̀. Ohun kejì ni ìtọ́jú: ṣé ohun tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ wà nínú ilé tàbí ní ìsọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, àbí a ní láti ránṣẹ́ sí òkè òkun? Ẹ̀kẹta ni bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ jìnnà tó àti bí ó ṣe rọrùn tó fún ẹni tí kò ì kọ́ ọ. Owó ni mo fi sí ìkẹyìn, nítorí pé kì í ṣe òun ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìpè ribiti, ìyẹn onísíléètì, onígíláàsì tàbí ti alumíníọ̀mù, sábà máa ń wà láàárín dọ́là 15 sí 40. Alápòótí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí dọ́là 20, èyí tí oníṣẹ́ ọnà fi ọwọ́ gbẹ́ sì lè ju 100 lọ dáadáa. Ọ̀pá kan ṣoṣo kì í sábà ju dọ́là 5 sí 20 lọ.

Ìpè alápòótí

Èyí ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń fẹ́ràn, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé ọmọ ọdún méje lè mú kí ó ké lẹ́ẹ̀kan náà. Àpótí igi tóóró ni, tí ògiri rẹ̀ méjèèjì fẹ́lẹ́, tí ìdérí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́, tí a sì fi sukúrù kan àti sípíríǹgì dè é mọ́ ìpẹ̀kun kan. Bí a bá fa ìdérí kọjá lórí etí ògiri, ó ké. Irú rẹ̀ ti pẹ́: ní ọdún 1897 ni Henry C. Gibson ti ìpínlẹ̀ Arkansas gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ fún tirẹ̀, àwọn tí wọ́n ń ṣe é lónìí kò sì tíì yà jìnnà sí i.

Ohun tí ó ń mú kí alápòótí dún ni ṣọ́ọ̀kì tí a fi ra abẹ́ ìdérí àti etí ògiri méjèèjì. Ṣọ́ọ̀kì yìí kò gbọdọ̀ ní òróró tàbí ìda nínú, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọdẹ kì í lo ṣọ́ọ̀kì pátákó ìkọ̀wé, èyí tí wọ́n ṣe pàtó fún ìpè ni wọ́n ń rà. Ẹni tí ó bá ń mú alápòótí bọ̀ wálé, tí kò sì kó ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ mọ́ ọn, ti mú ìdajì ohun èlò wá. Bí ìpè náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún fínfín tàbí tí ó ń fò, ẹ yí ìdérí rẹ̀ padà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn: ẹ ó rí ìlà kan ní àárín tí ó ń dán, tí ó sì ti dúdú díẹ̀ ju ìyókù lọ. Ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ tí ó ti pò mọ́ òróró ọwọ́ ni. Ẹ fi kànrìnkàn aláwọ̀ ewé tí a fi ń fọ ìdí ìkòkò, tí ó gbẹ, tí kò sì tíì kan ọṣẹ rí, fọwọ́ fẹ́rẹ́ nù ún kúrò, lẹ́yìn náà kí ẹ tún fi ṣọ́ọ̀kì tuntun ra á.

Ẹ má fi sáńpépà kàn án o. Ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà wa tí a bá gbé ìpè fún, sáńpépà ni ọwọ́ wọn kọ́kọ́ máa ń lọ bá, wọn a sì dá a padà ní dídán, tí ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí kò sì ní ké bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ìdérí ṣe tẹ̀ àti bí etí ògiri ṣe fẹ́lẹ́ tó ni ohùn rẹ̀. Bí a bá ti gé díẹ̀ kúrò lára èyíkéyìí nínú wọn, ohùn ti yí padà. Sukúrù náà wà lábẹ́ òfin kan náà: ẹni tí ó ṣe é ti yí i dé ibi tí ó yẹ, ẹ má dè é, ẹ má tú u.

Níbi ọ̀rinrin ni alápòótí ti ń jákulẹ̀. Igi ni gbogbo rẹ̀, igi a sì máa mu omi láti inú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé òjò pa á. Ní ìgbà òjò, ògiri rẹ̀ a wú, ṣọ́ọ̀kì a di ẹrẹ̀ lórí rẹ̀, ohùn a sì wálẹ̀ di kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ó tún lè gbẹ jù, kí ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ṣí. Ohun tí a lè ṣe kò ju kí a fi í sínú agolo tí ìdérí rẹ̀ dé pa, kí a má gbé e sí ojú fèrèsé tàbí sí iwájú mọ́tò lábẹ́ oòrùn, kí a sì fi rọ́bà kan di ìdérí mọ́ àpótí nígbà tí a kò bá lò ó. Nínú igbó, ọdẹ a máa fi ọ̀rá bò ó, a sì máa ti ọwọ́ bọ inú ọ̀rá lò ó nígbà tí òjò bá ń ṣẹ́. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìnira ni.

Onísíléètì

Síléètì tí àwọn bàbá wa fi kọ̀wé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà kan ni òkúta tí wọ́n gé ribiti, tí wọ́n sì tẹ́ sí ojú abọ́ kékeré kan tí ó ní ihò lábẹ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì wúni lórí ní ìtòsí: bí abo tòlótòló ṣe ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nígbà tí ó bá ń jẹun, kò sí èyí tí ó lè sín in jẹ bí onísíléètì. Kì í dún jìnnà púpọ̀, ẹni tí ó fẹ́ pe ẹyẹ tí ó wà ní òdì kejì odò kò ní rí i lò.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni ó dùn mọ́ mi nínú jù. Kànrìnkàn aláwọ̀ ewé kan náà tí mo dárúkọ lókè tó fún un. Bí kò bá sí, sáńpépà nọ́ḿbà 320 yóò ṣe é. Ẹ fi í ra ojú síléètì sí ọ̀nà kan ṣoṣo títí tí dídán rẹ̀ yóò fi kúrò tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dà bí eérú, kí ẹ fẹ́ ẹ̀tù rẹ̀ dànù, ó parí. Ẹ má fi ìka nù ún. Síléètì ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, òróró tí ó bá wọ ibẹ̀ kì í tètè jáde, pàápàá òróró ọwọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà tán tàbí tí ó fi òrí para ní àárọ̀ ọyẹ́. Bí omi bá kàn án, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀ ní ibi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ má gbé e sún mọ́ iná. Títí tí yóò fi gbẹ, kò wúlò.

Onígíláàsì

Gíláàsì le ju síléètì lọ, ohùn rẹ̀ sì ga, ó mú, ó ń lọ jìnnà. Kì í mu omi: bí òjò bá kàn án, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ tún ojú rẹ̀ họ, iṣẹ́ ń lọ. Nítorí èyí nìkan, òun ni mo gbé lé iwájú fún ẹni tí yóò jókòó sínú igbó nígbà tí ìrì bá ń sẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ máa ń tètè dán padà, kò sì gba kànrìnkàn. Sáńpépà líle ni ó ń gbà, nọ́ḿbà 80 tàbí 100, èyí tí ẹ ó rí rà ní ìsọ̀ èyíkéyìí tí wọ́n ti ń ta ohun èlò gbẹ́nàgbẹ́nà. Ẹ má họ gbogbo ojú rẹ̀. Ẹ mú ibì kan tí ó fẹ̀ tó ìka méjì, láàárín etí àti àárín gbùngbùn, kí ẹ fi agbára fa sáńpépà sí ọ̀nà kan, láìfà á padà, títí tí ibẹ̀ yóò fi ṣú tí kò ní hàn gaara mọ́. Tí ẹ bá wò ó súnmọ́, ẹ ó rí ìlà tíntín-tíntín tí wọ́n tò tẹ̀ léra. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ yí ìpè náà lọ́wọ́ yín kí ọ̀pá lè máa gba orí àwọn ìlà náà kọjá ní ìdábùú. Ẹni tí ó bá fa ọ̀pá tẹ̀ lé ìlà náà gan-an yóò máa rò pé ìpè òun kò dára, bẹ́ẹ̀ ìdarí ọwọ́ rẹ̀ ni kò tọ́. Bí òróró bá kàn án, òwú tí a fi sípírítì díẹ̀ sí yóò mú un kúrò kí ẹ tó fi sáńpépà kàn án.

Ti alumíníọ̀mù

Ó jọ onígíláàsì nínú ohun púpọ̀, àfi pé ohùn rẹ̀ tún ga sí i, ó sì ń gba inú afẹ́fẹ́ líle kọjá. Kì í fọ́ bí ó bá bọ́ lọ́wọ́. Kànrìnkàn tàbí sáńpépà tí kò le púpọ̀ tó fún un. Ojú rẹ̀ a máa ṣú pẹ̀lú ẹ̀tù dúdú tí ó ń jáde nígbà tí a bá ń lò ó, ó sì yẹ kí a máa họ ọ́ lóòrèkóòrè. Ohùn rẹ̀ le fún etí ẹyẹ tí ó wà ní ìtòsí. Fún lílò nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, kò tọ́, àwọn aládùúgbò yóò sì bá yín sọ̀rọ̀.

Ọ̀pá ni kí ẹ náwó lé

Bí a bá fún mi ní dọ́là 50, n kò ní fi ra ìpè olówó iyebíye kan. Ìpè ribiti kan tí kò wọ́n ni n ó rà, n ó sì fi ìyókù ra ọ̀pá mẹ́ta tí wọn kò jọra. Ìpè kan náà, lábẹ́ ọ̀pá mẹ́ta, a máa ké bí abo mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí ó sì dákẹ́ lábẹ́ ọ̀pá kan lè ké gooro lábẹ́ òmíràn.

Ọ̀pá onígi ni ohùn rẹ̀ jọ ti ẹyẹ jù. Igi tí ó le, tí ó sì wúwo, irú bí purpleheart, a máa mú ohùn tí ó ga tí ó sì mọ́ jáde. Igi tí kò le tó bẹ́ẹ̀ a máa mú ohùn tí ó há díẹ̀ jáde, èyí tí ó jọ ti abo tí ó ti dàgbà. Kò sí ohun tí ó ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà wa má gbẹ́ ọ̀kan láti ara apá tàbí ìrókò, kí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì méje tàbí mẹ́jọ, kí orí rẹ̀ rí roboto. Apá ni n ó yàn, nítorí pé ó le ju ìrókò lọ. Kí oníṣẹ́ má fi fáníìsì kan orí rẹ̀ rárá. Àbùkù ọ̀pá onígi kò ju ọ̀rinrin lọ: bí orí rẹ̀ bá ti mu omi, ó parí fún ọjọ́ náà.

Ọ̀pá kábọ́ọ̀nù àti èyí tí wọ́n fi ike líle ṣe kì í mu omi. Ohùn wọn mú ju ti igi lọ, a sì máa han etí nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀, àwọn nìkan ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Láti oṣù Kẹta dé oṣù Kẹwàá ní Abẹ́òkúta, ọ̀kan nínú wọn yẹ kí ó wà lọ́wọ́.

Ìtọ́jú ọ̀pá ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù. Wọn a họ ojú ìpè títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu, láìwo orí ọ̀pá. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: bí ibi kékeré kan ní orí rẹ̀ bá ń dán tí ó sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ fi sáńpépà nọ́ḿbà 150 tàbí 220 yí i ká ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó ṣì rí roboto, kí ẹ má fi ìka kàn án mọ́. Lára àwọn ìpè tí wọ́n ní ó ti kú, ọ̀pọ̀ ni a ń fi ìgbésẹ̀ kan yìí jí.

Kí ẹ tó ní ó ti bàjẹ́

Ẹ pààrọ̀ ọ̀pá ná. Bí ó bá ké, ọ̀pá ni ó ní àrùn. Bí kò bá ké, ojú ìpè ni kí ẹ tún ṣe. Bí ó bá ń han gooro bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró, ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ jù, tàbí ẹ ti gbé ọ̀pá dúró jù: ẹ dì í mú bí ìgbà tí a di bírò mú, kí ẹ dà á dáadáa, kí ẹ sì fọwọ́ fẹ́rẹ́ yí òbírí kékeré láìgbé orí ọ̀pá kúrò. Bí ohùn rẹ̀ bá sì wà nísàlẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, ẹ sún ọ̀pá sí etí, nítorí pé ohùn máa ń ga ní etí, ó sì máa ń rẹlẹ̀ bí a bá ti ń wọ àárín. Bí ohùn rẹ̀ bá rí bí ẹni tí ó bo ẹnu, ọwọ́ yín ni ó dí ihò abẹ́ rẹ̀. Orí ìka ni kí ẹ fi gbé e, kí ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ lẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń gbọ̀n jìgìjìgì nínú, ẹ mì í kí ẹ gbọ́ bóyá iyanrìn wọ̀ ọ́, bí kò bá sí iyanrìn, gọ́ọ̀mù tí ó di ojú rẹ̀ mọ́ abọ́ ni ó ti tú níbì kan.

Ta ni yóò mú èwo?

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì lò ó ní ibi gbígbẹ, kí ó mú alápòótí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Kò sí èyí tí ó rọrùn tó o. Ẹni tí ó ń dọdẹ ní Georgia, níbi tí ìrì àti òjò kò jìnnà, kí ó mú onígíláàsì, ọ̀pá kábọ́ọ̀nù kan àti ọ̀pá onígi kan. Ẹni tí ó wà ní pápá gbalasa ní Texas, tí afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn lọ, ti alumíníọ̀mù ni yóò sìn ín. Fún gbogbo àwọn ọdẹ wọ̀nyí, ohun kan wà tí kò ṣeé fojú fò dá: orí akọ tòlótòló máa ń ní pupa, funfun àti búlúù, ẹni tí ó bá ń ké bí abo nínú igbó kò sì gbọdọ̀ wọ èyíkéyìí nínú àwọ̀ mẹ́ta yìí, kí ọdẹ mìíràn má baà ṣì í mú. Kí ó fi ẹ̀yìn ti igi tí ó gbòòrò ju èjìká rẹ̀ lọ.

Ní ti ẹ̀gbọ́n tí ó ń sin tòlótòló ní Ọbáńtokò tàbí Aṣérò, ọ̀ràn rẹ̀ yàtọ̀. Kò nílò ìpè láti mú kí akọ ké, nítorí pé fèrè ọkọ̀ pàápàá a máa mú akọ dáhùn. Ohun tí ìpè wúlò fún ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni láti máa fi ohùn ìyá pe àwọn ọmọ jọ, ohùn náà sì gbọdọ̀ jẹ́jẹ́. Onísíléètì ni mo yàn fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bẹ̀rù omi, nítorí pé abẹ́ ìbòrí ni yóò ti máa lò ó, kànrìnkàn tí yóò fi tọ́jú rẹ̀ wà nínú ilé ìdáná, ọ̀pá ike tàbí kábọ́ọ̀nù kan yóò sì bá a gba ìgbà òjò kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, bí ìpè alápòótí bá wù yín láti mú wá fún un, ẹ jẹ́ kí ó di oṣù Kọkànlá kí ẹ tó gbé e wọ àpò.